Oní-táìlì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: kí ló yẹ kí n ti ṣe kó tó dé?

Akọ́léJẹ́jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé tí à ń gbé ti lé ní 30 ọdún. Mo fẹ́ tún balùwẹ̀ àti ilé ìdáná ṣe. Èrò mi ni pé kí n ṣí gbogbo táìlì balùwẹ̀ kúrò, kí n fi tuntun sí i. Kí n gbé síńkì ilé ìdáná lọ sábẹ́ fèrèsé. Kí n sì wó ògiri tó wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀, kí ojú lè là. Owó tí mo ti ń kó jọ ti tó nǹkan. Oní-táìlì tí wọ́n júwe fún mi ní òun ráyè, òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní àfi kí n kọ́kọ́ jókòó ti ìwé àti bírò. Èmi ní tèmi rò pé bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó kù á máa yọjú fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 la ní kí àlejò tó dé.

Nǹkan kan tún wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, lápá pálọ̀, ọ̀dà ń wú bí ara tí omi gbígbóná bó. Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó tún padà wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

KòKánjú

Ìyàwó yín ti dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó bi wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Táìlì tuntun, síńkì lábẹ́ fèrèsé, ògiri wíwó, ohun tí ojú ń fẹ́ nìyẹn. Ọ̀dà tó ń wú, àìsàn nìyẹn. Bí omi bá ń jò nínú ògiri tẹ́ ẹ sì lẹ táìlì tuntun bò ó, táìlì tuntun náà lẹ máa padà wá fọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé òòlù.

Ọ̀rọ̀Òpọ̀

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ jàre! Àwọn tó ń fi oṣù mẹ́ta yàwòrán, bí ilé wọn ṣe wà ló ṣì wà. Ẹ máa rò ó títí kí owó fi ná ara rẹ̀ tán.

Pọ́ḿbàÀgbà

Ọ̀rọ̀Òpọ̀, ṣé ìwọ lo máa wá bá wọn gbọ́n omi?

Ẹ̀gbọ́n Akọ́léJẹ́jẹ́, àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti wẹ̀ tán, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa. Ẹ lọ síbi mítà omi, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ojú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi fún wákàtí 2, kódà ẹ má ṣan omi sí ilé ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un wò. Bí nọ́ńbà bá ti yí, páìpù tó ń gbé omi wọlé ló ń jò, tàbí kó jẹ́ táǹkì ilé ìgbẹ́ ló ń yọ́ ṣàn. Ti táǹkì ò le láti mọ̀: ẹ da àwọ̀ díẹ̀ sínú omi rẹ̀, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣan án, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó nìyẹn.

Bí mítà ò bá yí, a jẹ́ pé omi tó ń jáde ló ku ká wò. Ẹ dí ojú ìṣàn omi ilẹ̀ balùwẹ̀ gírígírí, ẹ wá bu omi sílẹ̀ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, kó ṣáà má kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó dé lára táìlì ògiri. Wákàtí 24. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, ilẹ̀ ni kò dì. Bí ìlà ò bá yẹ̀, ẹ tú ohun tẹ́ ẹ fi dí i, kí omi ṣàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá máa ṣọ́ ibi tí ọ̀dà ti wú. Bí ibẹ̀ bá rin lẹ́yìn ìyẹn, páìpù tó ń kó omi jáde lẹ máa fura sí. (Bí ẹlòmíì bá ń gbé nísàlẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un, ẹ sì máa wo àjà rẹ̀.)

Lórí ti síńkì: páìpù tó ń kó omi ìdọ̀tí jáde gbọ́dọ̀ máa rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ibi tuntun bá jìnnà sí ibi tí omi ń lọ ní mítà 3.5, sẹ̀ǹtímítà 7 ni páìpù máa fi rẹ̀. Ibo lẹ fẹ́ kó gbà? Lábẹ́ ilẹ̀? Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù? Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ihò tí omi ìdọ̀tí ń dà sí wà lápá fèrèsé yẹn. Bó bá wà níbẹ̀, orí yín ṣe yín: a kàn máa lu ògiri já, páìpù á jáde, ó parí.

ÌyáÀdùkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọdún méjì sẹ́yìn la tún balùwẹ̀ wa ṣe. A yan táìlì, oní-táìlì parí, ó mọ́ rekete. Ìgbà yẹn la wá lọ ra wọ́ọ̀ṣì básìn. Mo rí ọ̀kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yọ láti ara ògiri, kì í ṣe lórí básìn. Mo ní eléyìí ni mo fẹ́. A gbé e délé, pọ́ḿbà wò ó, ó wo ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹnu páìpù wà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sílẹ̀ ju ibi tó yẹ lọ. Táìlì 6 ni wọ́n fọ́. Méjì ló ṣẹ́ kù nínú páálí. Mo padà lọ síbi tí mo ti rà á: orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìpín tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, èyí tó ń fi àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ hàn, yàtọ̀. Wọ́n ní kò sí wàhálà.

Lọ́sàn-án, ẹ ò ní mọ̀. Àmọ́ tó bá di nǹkan bí aago 7 àárọ̀, tí oòrùn bá gba fèrèsé wọlé, táìlì 4 yẹn á dúdú díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, bí àbùlẹ̀ lára ṣòkòtò. Màá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu, màá máa wò wọ́n. Àwọn náà á máa wò mí.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n máa fi sí kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn. Básìn, ẹ̀rọ omi, ṣáwà, dígí tó ní iná, gáàsì ìdáná, fíríìjì. Bẹ́ ẹ ò bá tíì lè rà á, ó kéré tán kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì ní ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. Ògiri ò lè mọ ibi tí ẹnu páìpù máa wà bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá mọ̀.

Pọ́ḿbàÀgbà

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ ti sọ ọ́ tán. Ẹ tún fi ilé ìgbẹ́ kún un o. Bí ihò páìpù ilẹ̀ ṣe jìnnà sí ògiri kì í bá gbogbo ilé ìgbẹ́ mu. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé dé tó wá dúró sí àárín yàrá bí ọba tí kò ní ààfin.

Akọ́léJẹ́jẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ táìlì 4 yẹn ti bà mí lẹ́rù. Mo ti sọ fún oní-táìlì pé kó má wá lọ́jọ́ Ajé. Inú rẹ̀ ò dùn.

Mo wọn balùwẹ̀ lálẹ́ àná. Òró rẹ̀ jẹ́ mítà 2.4, ìbú rẹ̀ mítà 1.8, ògiri sì ga tó mítà 2.4. Ilẹ̀ jẹ́ sukúwéà mítà 4.32. Táìlì ilẹ̀ tí a fẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30. Mo pín in, 48 ló bọ́ sí. Ṣé kí n ra 48?

Tẹ́pùLọ́wọ́

48! Ọ̀gá mi, ọdún 19 ni mo ti ń lẹ táìlì, n ò tíì rí ilé tí wọ́n ti lo iye tí wọ́n ṣírò láìfọ́ ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n gé máa wà, èyí tó máa já bọ́ lọ́wọ́ máa wà, èyí tó ti sán nínú páálí náà máa wà. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ máa fi lé e bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tò ó tààrà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, láti igun dé igun, lẹ fẹ́ kí wọ́n tò ó, ẹ jẹ́ kó tó ìdá 15, nítorí gbogbo igun la máa gé.

Ẹ wò ó báyìí. Ilẹ̀: 4.32, ẹ fi ìdá 10 lé e, ó di 4.75. Táìlì kan jẹ́ 0.09. Ó ń lọ sí 53. Ògiri: ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó jẹ́ mítà 8.4, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.4, ó jẹ́ 20.16. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ 0.8 sí 2.1, tí fèrèsé jẹ́ 0.6 sí 0.6, ó ku 18.12. Pẹ̀lú ìdá 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Bí táìlì ògiri bá jẹ́ 30 sí 60, 111 nìyẹn. Páálí tó bá ní 8 nínú, 14 lẹ máa rà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ sì yẹ nọ́ńbà ìpín ara gbogbo páálí wò kí mọ́tò tó gbéra. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ tọ́jú ẹ̀ sókè àjà.

Ìbéèrè mi nìyí: ibo lẹ ti wọn 1.8 yẹn?

Akọ́léJẹ́jẹ́

Lẹ́nu ọ̀nà.

Tẹ́pùLọ́wọ́

Mo mọ̀. Ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, láàárín, àti lábẹ́ fèrèsé.

Akọ́léJẹ́jẹ́

1.80, 1.79, 1.76. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Tẹ́pùLọ́wọ́

Ilé tó ti lé ní 30 ọdún, ta ló máa sọ pé ó gún? Sẹ̀ǹtímítà 4 ló fi fún. Bí oní-táìlì bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan láìwọ̀n ọ́n, ìlà tó kẹ́yìn á máa tín-ín-rín lọ bí ìrù eku, ojú ẹni tó bá wọlé ló sì máa kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Kí lẹ kọ́kọ́ rí? Ibẹ̀ ni táìlì odindi gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí a gé, ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ la máa tì í sí.

Láti mọ̀ bóyá igun gún, ẹ sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 90 lára ògiri kan láti igun, ẹ sàmì sí 120 lára ìkejì. Ẹ wá fi tépù wọn láti àmì dé àmì. Bó bá jẹ́ 150 gẹ́lẹ́, igun náà gún. Bó bá dín tàbí tó bá lé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì fi han oníṣẹ́ kó tó dá iye lé yín. Èmi ò fẹ́ràn kí n dé ibi iṣẹ́ kí n tó mọ irú ohun tí mo bá pàdé.

ÒpóÀtiBíìmù

Kò sẹ́ni tó tíì dá a lóhùn lórí ògiri tó fẹ́ wó, ìyẹn gan-an ló sì lè pa ènìyàn.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fìka kan ògiri, bó bá dún bí ohun tó ṣófo, kò gbé nǹkan kan. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ẹ gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ibi tí àwọn igi òrùlé fẹ̀yìn tì. Ṣé orí ògiri yẹn ni ẹnu wọn ti pàdé? Bí ilé yín bá ní òkè, ṣé ògiri míì wà lórí rẹ̀ gan-an? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹrù ló gbé. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹnjiníà ló lè fọwọ́ sí i pé ẹ lè wó o. Wáyà àti páìpù náà lè wà nínú rẹ̀. Bó bá gbé ẹrù tẹ́ ẹ sì fẹ́ wó o dandan, bíìmù (ìdábùú tó lágbára tó ń gbé ẹrù òkè) lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀, ẹnjiníà ló máa ṣírò bó ṣe máa nípọn tó, wọ́n á sì fi òpó gbé òkè dúró kí wọ́n tó yọ búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́ níbi tẹ́ ẹ wà bóyá ó gba ìwé àṣẹ. Ibi púpọ̀ ló gbà á.

KòKánjú

Bó ṣe ń gòkè àjà yẹn náà, kó rọra. Ilé ọjọ́ pípẹ́ ni. Bí àjà tàbí òrùlé bá jẹ́ pákó aláwọ̀ eérú tó le tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, ó lè ní asbestos (fọ́nrán òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ símẹ́ǹtì) nínú. Bó bá wà jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà púpọ̀. Eruku rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ayùn gé e tàbí tí wọ́n ń fọ́ ọ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn náà sì lè má yọjú títí di ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lu ihò kankan sí i. Ọ̀dà àtijọ́ náà lè ní òjé. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé.

Ọ̀rọ̀Òpọ̀

Ẹ ti sọ balùwẹ̀ kan di ilé ìwòsàn. Bàbá mi kọ́ ilé odindi láìní ẹnjiníà, ó ṣì dúró.

ÒpóÀtiBíìmù

Kíkọ́ ló kọ́ ọ. Wíwó là ń sọ.

Ẹ̀ṣọ́Wáyà

Lórí iná, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ ìsinmi tí gbogbo ilé wà nílé. Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹ wọ ilé ìdáná, kí olúkúlùkù ṣe bí ẹni tó ń dáná lóòótọ́. Ibo ni fíríìjì wà? Ibo ni kẹ̀tùlù? Ọ̀lọ ẹlẹ́tíríìkì ńkọ́? Níbi gbogbo tí ọwọ́ bá ti nà wá iná, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí kékeré sára ògiri. Ibẹ̀ ni sókẹ́ẹ̀tì máa wà. Ẹ yà á bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí orí tábìlì ìdáná, kó má sí lórí síńkì, kó má sí lẹ́yìn gáàsì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Oníná tó bá rí irú fọ́tò yẹn mọ iye wáyà tó máa rà, kò ní fi ẹnu wí.

Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná, bíi ẹ̀rọ omi gbígbóná balùwẹ̀ tàbí ìdáná oníná, gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ibi fíúsì, tó nípọn tó agbára rẹ̀. Kì í bá rédíò pín wáyà.

Nígbà tí wọ́n bá ti tẹ́ páìpù àti wáyà sínú ògiri tán, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, ẹ na tépù ìwọ̀n lé ara ògiri, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tépù náà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan ìṣó fi gbé dígí kọ́, ẹ máa rántí mi.

Oníṣirò

Ṣé kí n bọ́ sí ti owó? Ẹ ní owó tẹ́ ẹ kó jọ "ti tó nǹkan". Nǹkan wo? Kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó tó, ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní kúlẹ̀kúlẹ̀: ṣíṣí táìlì àtijọ́, kíkó àwókù jáde (gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé ìyẹn), páìpù, wáyà, rírẹ́ ògiri, oògùn tó ń dènà omi, táìlì, kíkùn, fífi nǹkan sípò. Ìwé kan náà ni kẹ́ ẹ fún oníṣẹ́ mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá ṣàlàyé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, iye tí wọ́n máa dá kò ní ṣeé fi wéra. Ẹni tí iye rẹ̀ bá fi púpọ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, ẹ bi í léèrè ohun tí kò kà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ owó kan sọ́tọ̀ tẹ́ ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà. Nínú ilé tó ti pẹ́ bíi tiyín, èmi ò ní jẹ́ kó dín sí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó iṣẹ́. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ fi ra dígí tó ní iná.

Ẹ má fi ọjọ́ sanwó, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sanwó. Páìpù parí, a dán an wò, kò jò: ẹ san tibẹ̀. Táìlì ògiri parí: ẹ san tibẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mú díẹ̀ dání, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, títí wọ́n á fi ṣe àwọn àléébù kéékèèké tó máa ń kù lẹ́yìn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i.

Akọ́léJẹ́jẹ́

Oní-táìlì yìí, bí mo bá ní kó fọwọ́ síwèé, ṣé kò ní rò pé mo ń pè é lólè?

Tẹ́pùLọ́wọ́

Àwa oníṣẹ́ la nílò ìwé yẹn jù. Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí. Onílé á ní funfun ni òun fẹ́, ká lẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, àbúrò rẹ̀ á wá kí i, á ní àwọ̀ eérú ló ń lọ báyìí. Ta ló máa san owó èyí tá a ti lẹ̀? Á ní "ṣáà bá mi ṣe é". Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn lọ lófo. Èmi báyìí, ìwé kékeré kan wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Bí onílé bá yí ọkàn padà, mo kọ ọ́ síbẹ̀, iye tó fi kún owó àti ọjọ́ tó fi kún iṣẹ́, òun àti èmi fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn tí wọ́n ń yí padà ti dín kù.

KòKánjú

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ nípa ọ̀sẹ̀ 6 yẹn. Fífọ́ táìlì àtijọ́ kì í pẹ́. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ ni gbígbẹ. Símẹ́ǹtì ilẹ̀ tuntun, bí ìṣirò àwọn oníṣẹ́, ń gbẹ ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Bí wọ́n bá tẹ́ mìlímítà 50, ọjọ́ 50 nìyẹn kó tó gbẹ dénú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá ẹ tiẹ̀ nílò kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ tuntun, tàbí kí wọ́n tún èyí tó wà ṣe. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó kùn ún; ó lè tó oṣù kan. Oògùn tó ń dènà omi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa kùn ún ó kéré tán, èyí àkọ́kọ́ á gbẹ kí ìkejì tó gorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún ṣe àyẹ̀wò omi wákàtí 24 tí pọ́ḿbà sọ, kí táìlì tó bò ó. Ọjọ́ kan péré ni, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá kọ ọ́ sínú ètò, oníṣẹ́ á ti po símẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó jí.

Balùwẹ̀ mélòó lẹ ní?

Akọ́léJẹ́jẹ́

Ẹyọ kan.

ÌyáÀdùkẹ́

Háà! Ilé ìgbẹ́ ńkọ́?

Akọ́léJẹ́jẹ́

Inú rẹ̀ náà ló wà.

ÌyáÀdùkẹ́

Ẹ sì fẹ́ ṣí òun àti ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà? Níbo lẹ fẹ́ máa wẹ̀? Níbo lẹ fẹ́ fọ àwo? Bàbá, ẹ mú ọ̀kan. Kí ẹ tó fọwọ́ kan balùwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá aládùúgbò tàbí ẹbí tẹ́ ẹ máa lo tirẹ̀, kẹ́ ẹ sọ iye ọjọ́ fún un. Ẹ kún ọjọ́ náà o, ẹ má dín in. Bí ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ sọ bá di oṣù kan, ọ̀rọ̀ á dà bí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀Òpọ̀

Èyí ni mo gbà. Èmi náà ti ru kẹ̀tùlù la àdúgbò kọjá rí pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

KòKánjú

Wò ó! Òun ló ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lọ.

Akọ́léJẹ́jẹ́

Ó ti tó ọjọ́ 16 tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mítà omi ò yí. Mo dí ojú ìṣàn omi, mo bu omi sílẹ̀, mo fa ìlà. Lọ́jọ́ kejì, omi wà níbi tó wà. Mo tú u. Kí n tó jẹun alẹ́ tán, ibi tí ọ̀dà ti wú ti tutù, mo fìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bí búrẹ́dì tí wọ́n ti bọ omi. Pọ́ḿbà kan wá, ó ní a ò ní fọ́ táìlì, pé láti apá pálọ̀ ni ká ti ṣí i, ibi tí ògiri ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìsopọ̀ páìpù tó ń kó omi jáde ti sán, bóyá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé. Gbogbo omi tá a fi ń wẹ̀, díẹ̀ ń bọ́ sínú ògiri.

Mo gun òkè àjà. Orí ògiri tí mo fẹ́ wó ni ẹnu igi òrùlé ti pàdé, ní ọ̀ọ́kán. Ẹnjiníà wá, kò lò ju ìdajì wákàtí lọ. Ó ní ó ṣeé ṣe pẹ̀lú bíìmù, ó kọ ohun tó máa gbà sílẹ̀. Oníṣirò, mo fi iye náà síbi tó yẹ nínú ìwé, gbogbo owó yòókù sì pòórá. Ògiri á dúró. Ìyàwó mi ní tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ òun ò fẹ́ kí òórùn ọbẹ̀ máa wọ pálọ̀, n ò kàn bi òun ni.

Balùwẹ̀ nìkan la máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ. Àwọn àlejò á lo balùwẹ̀ náà pẹ̀lú táìlì àtijọ́ rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Ihò omi ìdọ̀tí wà lápá fèrèsé ilé ìdáná lóòótọ́, nítorí náà síńkì á lọ síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára ògiri, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Oní-táìlì ti gba iṣẹ́ míì, ó ní òun á ráyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9. Mo fi ìwé hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n kọ ọ́ sí i pé èmi ni màá kó àwókù jáde, ó wá fọwọ́ sí i.

Pọ́ḿbàÀgbà

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ògiri pálọ̀ yẹn, ẹ má tíì rẹ́ ẹ o. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí inú rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi sẹlótéèpù yí etí rẹ̀ ká, fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá yọ lẹ́yìn ọ̀rá náà, inú ògiri kò tíì gbẹ nìyẹn.

ÌyáÀdùkẹ́

Wọ́ọ̀ṣì básìn ńkọ́?

Akọ́léJẹ́jẹ́

Ó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ń fẹsẹ̀ gbá a ní gbogbo alẹ́.